«Èṣù Ló Tì Mí»: Ìbéèrè, Ẹ̀bi àti Tíọ́rì Ìgbaninímọ̀ràn fún Ẹni tó Dá Ọ̀ràn ní Agbègbè Takon

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí jẹ́ lámèyítọ́ lórí àwọn tíọ́rì ìgbaninímọ̀ràn tí a ń lò láti mọ ìdí tí ènìyàn fi dá ọ̀ràn àti láti yí ìwà rẹ̀ padà. Púpọ̀ nínú wọn ń wo ìhun gbólóhùn kí wọ́n tó pinnu bóyá ẹni náà gba ẹ̀bi. Lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti hun wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá dé àárín àwọn tó ń sọ Nàgó, tí ìwé ẹjọ́ sì jẹ́ ti Faransé, wọ́n máa ń ka ohun tí gírámà fún olùsọ̀rọ̀ sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ yàn, wọ́n sì máa ń fo ohun tó yàn dá.

1. Gbólóhùn mẹ́ta láti ẹnu ọmọ kan

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo hun ún, kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ agbègbè Ṣàkẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ kò ní sọ pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 16, ní Takon, gbé alùpùpù aládùúgbò wọn, ó sì tà á. Wọ́n mú un. Ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá ní Ṣàkẹ́tẹ́, ó sì lè di ti adájọ́ ní Pọ́bẹ̀. Nàgó ni ọmọ náà ń sọ. Faransé ni èdè ìjọba ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 ti wí, òun náà ni èdè ìwé ẹjọ́. Ẹni tó wà láàárín, yálà ògbufọ̀ ni tàbí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn àwùjọ, bi ọmọ náà ní ìbéèrè, òun náà sì dáhùn:

(1) a. Kí ló dé tí o fi ṣe é?
    b. Iṣẹ́ Èṣù ni. Èṣù ló tì mí.
    d. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ṣe é mọ́.

Lórí ìwé, ìdáhùn yìí di gbólóhùn Faransé méjì: «Il accuse le diable. Il promet de ne plus recommencer.» Ti àkọ́kọ́ ní ọmọ náà ń ti ẹ̀bi sórí Sátánì, ti èkejì ní ó ṣèlérí pé òun kò ní tún un ṣe. Èrò mi ni pé méjèèjì ṣì í gbọ́. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ògbufọ̀ nìkan, nítorí tíọ́rì tó wà lẹ́yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kọ́ òǹkàwé bí yóò ṣe kà á kí ó tó rí i.

Kì í ṣe eré. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní òfin ọmọdé, nọ́ńbà 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015, tó fẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé ọmọ wò kí a tó dá a lẹ́jọ́. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ nípa ìwà rẹ̀ wà lára ohun tí adájọ́ yóò kà. Bí ó bá kọ pé ọmọ náà «kò gba ẹ̀bi», gbólóhùn mẹ́ta lẹ́nu ọmọ kan lè sọ ibi tí yóò sùn fún oṣù púpọ̀.

2. Ohun tí tíọ́rì ń wò

Orúkọ iṣẹ́ náà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀daràn ni ò-dá-ọ̀ràn, ìmọ̀ràn sì ni ì-mọ̀-ọ̀ràn. Ọ̀ràn kan náà ló wà nínú méjèèjì: ẹnì kan dá a, ẹnì kejì mọ̀ ọ́n. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìjà wà nínú rẹ̀. Nínú ìwé tí Carl Rogers gbé jáde ní 1951, àti nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1957 tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìgbaninímọ̀ràn ń kà, ẹni tó ní ìṣòro ló mọ ọ̀ràn ara rẹ̀. Ti olùrànlọ́wọ́ ni pé kí ó gbọ́ ọ ní àgbọ́yé, kí ó gbà á bó ṣe rí, kí ó má sì ṣe ojú ayé. Ní ti Yorùbá, ẹni tó ń gbani ní ìmọ̀ràn ló mọ ọ̀ràn. Àgbà ń sọ, ọmọ ń gbọ́, ọmọ sì ń dáhùn pé «ẹ ṣé, mo ti gbọ́». William Miller àti Stephen Rollnick, tí wọ́n kọ ìwé tiwọn jáde ní 1991 lórí bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ta ìfẹ́ ènìyàn láti yí padà jí, kìlọ̀ pé bí olùrànlọ́wọ́ bá tètè fẹ́ tún ẹlòmíràn ṣe, ńṣe ni ẹni náà yóò máa gbèjà ìwà tí a fẹ́ kí ó fi sílẹ̀. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ wa tó ṣí ẹnu rárá, orúkọ tí à ń pe iṣẹ́ rẹ̀ ti tì í sí apá ibi tí tíọ́rì ní kí ó má lọ.

N kò ní jókòó lórí ìtàn gbogbo tíọ́rì náà. Ó tó kí a rántí pé ní 1974 Robert Martinson kọ̀wé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí pé kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún àtúnṣe ẹlẹ́wọ̀n, pé òun fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ní 1979, àti pé láti 1990 ni Don Andrews, James Bonta àti Robert Hoge ti gbé ìlànà tiwọn kalẹ̀: ìrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n ewu tó wà lára ẹni náà mu, kí ó kan ohun tó ń fa ìwà náà, kí ó sì bá ọ̀nà tí ẹni náà fi ń kẹ́kọ̀ọ́ mu. Apá kẹta yìí ni mo dúró lé. Bí tíọ́rì bá ní kí a bá ẹni náà mu, a jẹ́ pé tíọ́rì fúnra rẹ̀ ló ní kí a yẹ èdè rẹ̀ wò.

Ohun tó kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni bí àwọn tíọ́rì yìí ṣe ń mọ ẹ̀bi. Ní 1957, Gresham Sykes àti David Matza to ọ̀nà márùn-ún tí ọ̀dọ́ tó rú òfin máa ń gbà pa ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ lẹ́nu mọ́: òun kọ́ ló fà á, kò sí ohun tó bàjẹ́, ẹni tí a ṣe é sí ló wá a, àwọn tó ń bú òun náà kò mọ́, ará tàbí ọ̀rẹ́ òun ló ṣe pàtàkì ju òfin lọ. Fritz Perls máa ń ní kí ẹni tó wá sọ́dọ̀ òun yí gbólóhùn rẹ̀ padà kí «èmi» lè jẹ́ olùwà rẹ̀. William Glasser, tí ìwé rẹ̀ ti 1965 wá láti inú iṣẹ́ tó ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọbìnrin tó rú òfin ní Ventura, Kalifóníà, lọ jìnnà débi pé ó fẹ́ kí a sọ ìbànújẹ́ àti ìbínú di ọ̀rọ̀-ìṣe tí ènìyàn ń ṣe, dípò ohun tó ń ṣe ènìyàn.

Ẹ kíyè sí ohun tí gbogbo wọn ń wò: olùwà gbólóhùn. Bí «mo» bá wà ní ipò olùwà, ẹni náà ti gba ẹ̀bi. Bí nǹkan mìíràn bá wà níbẹ̀, ó ń sá. N kò sọ pé àwọn tó dá tíọ́rì náà sílẹ̀ jẹ́ aláìmọ̀kan tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ ṣe ń ti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ní fáìlì ogún lórí tábìlì rẹ̀, irú rẹ̀ tó kù nìyẹn.

3. Olùwà gbólóhùn àti ẹlẹ́bi

Ẹ wo (2). Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ ọ́ kí gbogbo òǹkàwé lè bá mi lọ.

(2) a. Inú bí mi. / Mo bínú.
    b. Ẹ̀rù bà mí. / Mo bẹ̀rù.
    d. Ojú tì mí. / Mo tijú.
    e. Ebi pa mí. / (kò sí)

Ní apá òsì, ohun tó ń ṣe ènìyàn ni olùwà, ènìyàn fúnra rẹ̀ sì ni àbọ̀. Ní apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀-ìṣe ti gbé ọ̀rọ̀-orúkọ náà mì, «mo» sì bọ́ sí ipò olùwà. Òṣìṣẹ́ tó gba ẹ̀kọ́ Perls tàbí ti Glasser yóò rò pé apá ọ̀tún ni ti ẹni tó gba ẹ̀bi, yóò sì máa ti ọmọ náà lọ síbẹ̀. Ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba. «Inú bí mi» sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìṣẹ́jú kan. «Mo bínú» ń wá ẹni tí a bínú sí. «Ẹ̀rù bà mí» jẹ́ ti alẹ́ àná; «mo bẹ̀rù Ọlọ́run» jẹ́ ti ìwà.

Èyí tó yẹ kó dá wa dúró ni (2d). Ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú, tó dúró níwájú ẹni tó ni nǹkan, tó wá ní «ojú tì mí», ti sọ ohun tí ó wúwo jù lọ tí Yorùbá ní fún un ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ipá mú un pé kí ó fi ara rẹ̀ ṣe olùwà, «mo tijú» ni yóò sọ, ìyẹn sì sún mọ́ ti ọmọdé tó sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí àlejò wọlé. Mo mọ̀ pé «kò tijú» lè jẹ́ ẹ̀gàn ńlá, nítorí náà ààlà tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ògiri. Síbẹ̀, ẹni tó ń wá ìrònúpìwàdà lọ sí apá ọ̀tún yóò bá ìtìjú lásán níbẹ̀. Ní ti (2e), kò tilẹ̀ sí ibi tí a ó tì í sí. Ẹni tí ebi ń pa kò lè fi ara rẹ̀ ṣe olùwà ebi náà, ì báà jẹ́ ọ̀daràn tàbí adájọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Èṣù. Ìdáhùn (1b) jẹ́ gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́, a sì mọ̀ pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kì í dá dúró; ìbéèrè kan ló máa ń dáhùn. Àwọn onímọ̀ gírámà wa kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìhun rẹ̀, ẹni tó bá ka Bámgbóṣé (1966) àti Awóbùlúyì (1978) papọ̀ yóò rí i, ṣùgbọ́n lórí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, kò sí ìjà púpọ̀. Kí wá ni ìbéèrè tó ṣáájú rẹ̀? Ẹ wo bí a ṣe ń béèrè ìdí ní èdè wa lójoojúmọ́:

(3) a. Kí ló dé?
    b. Kí ló ṣe ọ́?
    d. Kí ló mú ọ ṣe é?
    e. Kí ló fà á?

Nínú gbogbo wọn, «kí» ló di ipò olùwà mú, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ sì jẹ́ àbọ̀, tàbí kí ó má sí nínú gbólóhùn rárá. Ìbéèrè náà ti gbà pé nǹkan kan ló dé, nǹkan kan ló ṣe é, nǹkan kan ló mú un. Ó fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ nǹkan náà, ọmọ náà sì fi orúkọ kan sí i: Èṣù. Ìdáhùn tó bá ìbéèrè mu ni. Bí ó bá dáhùn pé «èmi ni mo ṣe é», ó ti dáhùn «ta ló ṣe é?», tí ẹnikẹ́ni kò bi í, nítorí pé gbogbo ilé ti mọ̀. Ìbéèrè Faransé, «pourquoi as-tu fait ça?», fi ọmọ náà sí ipò olùwà. Ògbufọ̀ yí i sí (1a), ó gba (1b), ó sì yí i padà sí Faransé gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ìbéèrè Faransé ni ọmọ náà gbọ́. Nínú ìwé, ó wá dà bí ẹni tí a ní «ìwọ, èé ṣe?» tó sì ní «èmi kọ́». Òǹbéèrè ló hun ìdajì ìdáhùn náà, kò sì sí ibi kan tí wọ́n kọ èyí sí.

Ọ̀rọ̀ Èṣù fúnra rẹ̀ tún ní ìtàn. Láti ìgbà tí Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther kó ipa ńlá nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ti fi Èṣù rọ́pò Sátánì, ẹni tó bá ní «iṣẹ́ Èṣù ni» lè máa sọ̀rọ̀ bíi Kristẹni, bíi Mùsùlùmí, tàbí bí ẹni tí ojúbọ Èṣù wà lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ní ọ̀tá kan tan òun jẹ. Ti ìkẹyìn lè máa sọ pé òun dé oríta kan, òun sì yà sí ibi tí kò yẹ, èyí tí kì í ṣe àwáwí rárá. «Le diable» pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbà pé àwáwí ni. Ṣé àwáwí burú? Shadd Maruna gba ohùn àwọn tó ti jáwọ́ nínú ìwà ọ̀daràn àti àwọn tí kò tíì jáwọ́ ní Liverpool, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2001. Àwọn tó jáwọ́ kì í sábà di gbogbo ẹ̀bi ìgbà àtijọ́ lé ara wọn lórí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó ṣe nǹkan wọ̀nyẹn kì í ṣe àwọn gan-an, pé ibi tí àwọn bá ara wọn ló fà á, ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú wà lọ́wọ́ àwọn. Òun àti Ruth Mann tún kọ àpilẹ̀kọ kan ní 2006 láti bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí ló dé tí àwáwí tí gbogbo ènìyàn ń ṣe fi di àrùn nígbà tó bá jáde láti ẹnu ẹlẹ́wọ̀n. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, «Èṣù ló tì mí» lè jẹ́ ibi tí ọmọ náà ń gbà sọ pé òun kọ́ ni olè náà. Òṣìṣẹ́ tó bá já ọ̀rọ̀ yẹn gbà lẹ́nu rẹ̀ kí ó lè «gba ẹ̀bi» lè já ohun tí ọmọ náà ìbá dìde dúró lé gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò sọ pé kò sí ẹni tó ń sá fún ẹ̀bi ní Nàgó. Wọ́n pọ̀. Ibi tí wọ́n ń sá gbà ló yàtọ̀ sí ibi tí ìwé ń ṣọ́. Ẹ fi (4a) wé (4b):

(4) a. Mo rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni níta. Mo ti alùpùpù náà dé ẹ̀yìn ilé ìwé kí ó má baà dún. Ọjọ́ kejì ni mo tà á.
    b. A jọ wà níbẹ̀ ni. Wọ́n gbé alùpùpù kan wá. Nígbà tó yá, wọ́n ti tà á.

Ẹni tó sọ (4a) lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Èṣù kí ó sì parí pẹ̀lú Èṣù. Láàárín méjèèjì, ó ti jẹ́wọ́ ní ẹ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀. Ẹni tó sọ (4b) kò dárúkọ Èṣù kankan, ṣùgbọ́n ó fi ara rẹ̀ pamọ́ sínú «a» àti «wọ́n». Gbogbo wa la mọ̀ pé «wọ́n» kì í fìgbà gbogbo tọ́ka sí ènìyàn púpọ̀. Òun ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ tí àwọn èdè mìíràn ń fi ìhun mìíràn ṣe. Nígbà tí ó bá di Faransé, «la moto a été vendue» ni yóò jẹ́, gbólóhùn tó mọ́ tónítóní, tí adájọ́ kò ní fura sí. Báyìí ni ìwé ṣe ń rí àwáwí níbi tí kò sí, tó sì ń kọjá lára rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

4. «Mi ò ní ṣe é mọ́»

Gbólóhùn kejì ni ti ìlérí. Níbí, tíọ́rì ti sún mọ́ iṣẹ́ wa gan-an. Ní 2003, Paul Amrhein, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lórí èdè àti ìrònú, pẹ̀lú Miller àti àwọn mìíràn, yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn 84 tó ń lo oògùn olóró wò bí wọ́n ṣe ń bá olùrànlọ́wọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ya gbólóhùn tó sọ ìfẹ́, agbára, ìdí, ìnílò àti ìmúrasílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó sọ ìpinnu. Àwọn yòókù kò sọ tààrà ẹni tí yóò jáwọ́. Ìpinnu ló sọ ọ́, pàápàá bí agbára rẹ̀ bá ń pọ̀ sí i títí dé ìparí ìjíròrò. Àbájáde ńlá ni èyí jẹ́. Ó fi hàn pé iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò parí sí ìwé-atúmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé òṣùwọ̀n náà dé Takon. «Mi ò ní ṣe é mọ́» ní atọ́ka ọjọ́ iwájú, ó ní ìyísódì, ó ní «mọ́», kò sì sí «bóyá» nínú rẹ̀. Máàkì gíga ni yóò gbà. Bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì sọ ọ́ pẹ̀lú omijé, tí pàṣán sì wà lókè orí rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni. «Ẹ jọ̀ọ́» tó ṣáájú rẹ̀ nínú (1d) ló fi hàn: ẹ̀bẹ̀ kò ṣòro láti so mọ́ «mi ò ní ṣe é mọ́», ṣùgbọ́n «ẹ jọ̀ọ́, mo ti pinnu» kò dún dáadáa létí. Ohun tí ọmọ náà ń sọ ni pé kí ìyà dáwọ́ dúró. Òótọ́ ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ a kò lè fi kọ «il promet».

Ní ìdà kejì, ẹ gbọ́ àgbàlagbà tó ti pinnu nítòótọ́: «Bí Ọlọ́run bá fẹ́, wọn ò ní gbúròó mi níbẹ̀ mọ́.» «Bí» ló fi bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run ni olùwà ìpinnu, òun fúnra rẹ̀ kò sì ju àbọ̀ lọ. Òṣùwọ̀n yóò ní ó ń mi lẹ̀gbẹ́lẹ̀gbẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá sọ ọjọ́ ọ̀la láìfi Ọlọ́run sí i ni à ń fura sí, nítorí pé ẹnu rẹ̀ dá ṣáká jù. Nítorí náà, ohun tí a kà sí alágbára lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀, ohun tí a kà sí aláìlera sì lè jẹ́ ìwà ọmọlúàbí. (Mo rọra lo ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Àpilẹ̀kọ tó ń fi ọmọlúàbí wo gbogbo àrùn ti pọ̀ jù láàárín wa, bí ẹni pé dídárúkọ ìwà rere tó láti mú kí ẹnì kan ní in.)

Ibo wá ni ìpinnu wà? Mo fura pé inú ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ni: ọjọ́, ibi, orúkọ ènìyàn. Iṣẹ́ Peter Gollwitzer ti 1999 gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó fi hàn pé ẹni tó ti sọ ìgbà, ibi àti ọ̀nà tí yóò gbà ṣe nǹkan sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó ní ète lásán lọ. «Lọ́jọ́ ọjà, màá bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ra alùpùpù náà» wúwo ju «mi ò ní ṣe é mọ́» mẹ́wàá lọ, Ọlọ́run ì báà wà nínú rẹ̀ tàbí kí ó má sí. Kò sì sí ọmọ tí yóò sọ irú gbólóhùn yẹn bí wọ́n bá dúró lé e lórí pẹ̀lú «kí ló dé?». Wọ́n gbọ́dọ̀ bi í pé «ta lo máa kọ́kọ́ lọ bá?»

5. Ibi tí ìmọ̀ràn kò dé

Kí a má rò pé gbogbo rírú òfin ni ìwà tí ìgbaninímọ̀ràn lè tún ṣe. Ní agbègbè tí ẹnubodè Nàìjíríà kò jìnnà sí, epo kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin. Ní ẹnu ará ìlú, òwò ni. Àní ọ̀rọ̀ tí a ní fún un, fàyàwọ́, kò bú ẹnikẹ́ni: fi-àyà-wọ́, bí ènìyàn ṣe ń kọjá lábẹ́ ojú asọ́bodè ló sọ, kò sọ pé ó ṣe ibi. Edwin Sutherland ti sọ tipẹ́ pé a máa ń kọ́ rírú òfin lọ́dọ̀ àwọn tó sún mọ́ wa, pẹ̀lú àwọn ìtumọ̀ tó gbè é. Ìtumọ̀ náà rèé nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Albert Ellis, tó ní èrò tí kò bọ́gbọ́n mu ló ń ti ìwà tí kò dára lẹ́yìn, yóò fẹ́ bá ọmọ tó ń gbé kpayo jiyàn lórí èrò rẹ̀. Èrò wo? Pé òwò ni? Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ó ṣí i padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó epo fò sókè, òwò náà sì yí padà láìsí agbaninímọ̀ràn kankan níbẹ̀. Ewu rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ẹnu o: iná tó jó ibi ìpamọ́ epo ní Sèmè-Podji ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 pa ènìyàn tó lé ní 30. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọmọ bẹ́ẹ̀ sí iwájú agbaninímọ̀ràn láti tún èrò rẹ̀ ṣe ń sọ ọ̀ràn ìlú di ọ̀ràn ọkàn ẹnì kan.

6. Rí àti mọ́

Ó ku orúkọ tí ọmọ náà yóò máa jẹ́ lẹ́yìn èyí. Howard Becker kọ ní 1963 pé orúkọ tí àwùjọ bá lẹ̀ mọ́ ènìyàn lè sọ ọ́ di ohun tí wọ́n pè é. John Braithwaite, ní 1989, ya ìtìjú tó ń tì ènìyàn síta sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń fà á padà wọlé. Àwọn tó fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí tí wọ́n fi tòsì fà á mọ́ra kò ní ka èyí sí ìròyìn. Gírámà wa fara hàn níbí pẹ̀lú. «Ó jalè» lè gba «rí», ó sì lè gba «mọ́»: ó jalè rí, kò jalè mọ́. «Olè ni» kò ní àsìkò kankan nínú. Ní Nàìjíríà, òfin 2019 yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n padà sí ti àtúnṣe, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìjìyà tí kì í ṣe àtìmọ́lé. Ní ẹnu wa, ẹ̀wọ̀n ṣì ni, irin tí wọ́n fi ń so ènìyàn. Mo fara mọ́ yíyí orúkọ padà. Ṣùgbọ́n fún ọmọ Takon wa, ọ̀rọ̀ kékeré méjì yẹn ṣe pàtàkì jù, ìyẹn «rí» àti «mọ́», ẹni tó ń sọ wọ́n nípa rẹ̀, àti bóyá wọ́n wà nínú ìwé.

Ohun tí mo ń béèrè kéré. Kí òṣìṣẹ́ kọ ìbéèrè tó bi ọmọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe bi í, ní Nàgó, kí ó kọ ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀ ní Nàgó, kí Faransé tó tẹ̀ lé e. Kí ó lo «báwo lo ṣe ṣe é?» àti «kí lo ṣe lẹ́yìn náà?», tí «o» jẹ́ olùwà wọn, kí ó tó lo «kí ló dé?», kí ó sì wo bóyá «mo» ló gbà tàbí «wọ́n». Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wá láti Ṣàkẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Ìfànyìn lè bẹ̀rẹ̀ láìdé kóòtù rárá, nítorí ohùn ẹni tó wà ní àtìmọ́lé kì í ṣe ohun tí a kàn ń gbà sílẹ̀. Ní ilé baálé, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà orí ilẹ̀ àti ti ewúrẹ́ tó jẹ oko, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda gbogbo wọn, kí wọ́n ka iye ìgbà tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «kí ló», kí wọ́n sì ka ohun tó dáhùn rẹ̀.